Ẹ Bá Mi Ka Apá Ẹ̀rọ Tó Wà ní Ẹkù Yín

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó gbogbo ohun tí àwa ọmọ fi sílẹ̀ fún yín tí a sì bá tiwa lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ore níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn tó ń dùn mí kò jẹ́ kí ìdọ̀bálẹ̀ náà gún régé. Ẹ ó gbọ́ ohun tó ṣe ẹ̀yìn náà níwájú. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kí Tíṣà tó ń ka ìwé ìròyìn sí yín létí ní gbogbo Sátidé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra kà á. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fo ibi tó bá gùn kí ẹ lè tètè dé ibi tí wọ́n ti ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Ẹ má fo ti òní.

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, n kò gbàgbé rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ ló gbé mi dé inú ìwé ìròyìn.

Màmá, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí n tó sọ nǹkan mìíràn, kó má lọ jẹ́ pé ẹnì kan á pe Tíṣà jáde kí ó tó kà á dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìfúnpo tuntun tí wọ́n gbé wá sí ẹkù yín bá ní apá mẹ́rin, kí obìnrin kankan má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn débẹ̀. Ó tilẹ̀ dára kí wọ́n má tì í rárá títí ẹni tí mo rán sí yín á fi dé. Ó lè pa ọmọ. Ẹ gbọ́ èyí ná, kí ẹ tó wá gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Lẹ́tà méjì ni mo ti fi rán awakọ̀ lọ́nà Oǹdó. N kò mọ̀ bóyá ọ̀kankan dé ọwọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n bá mi tẹ èyí sínú ìwé ìròyìn, nítorí kì í ṣe ilé wa nìkan ló ní ẹkù, n kò sì mọ ibi tí ẹ̀rọ náà balẹ̀ sí gan-an. Ojú ń tì mí pé tàgbà tèwe á mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú tó ń tì mí kò tó ẹ̀rù tó ń bà mí.

Ore kì í ṣe ìlú ńlá, oríta ni. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Oǹdó, èyí tó ń lọ sí Òkìtìpupa, èyí tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn ló ń dúró níbẹ̀ kí awakọ̀ lè jẹun kí ó tó tẹ̀síwájú. Látìgbà tí wọ́n ti fa àsíá òmìnira sókè ni ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i. Òjò ibí kì í ṣe irú ti Ìlá lọ́dọ̀ yín. Bó bá ti ṣú báyìí, ó di kó rọ̀ títí aṣọ á fi bu nínú àpótí. Èdè Ìkálẹ̀ tí wọ́n ń sọ náà ṣì ń fò mí lórí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní uṣẹ́, ìyẹn rọrùn, àmọ́ bí àwọn àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yára sọ ọ́, orí ni mo kàn ń mì. Bí wọ́n bá wá rí i pé n kò gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi èdè inú Bíbélì bá mi sọ̀rọ̀. Èèyàn lè wà láàrin èrò báyìí kó máa ṣe é bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé.

Ìyá onílé mi, Màmá Hánà, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Kì í jẹ́ kí n jáde láàárọ̀ kó tó bu omi àdúrà fún mi mu. Nígbà tí ó rí i pé n kò jẹun mọ́, ó bi mí pé ta ló kú ní ilé wa. Mo ní ẹnikẹ́ni kò tíì kú. Ó bá mi wí lórí "kò tíì" yẹn, ó ní kí n gbé e mì kíákíá, kí n sọ pé kò sí ẹni tó máa kú. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ara mi kò sì balẹ̀.

Ẹ rántí pé lọ́dọ̀ Ọ̀gá Jeremáyà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ kápẹ́ńtà. Àga àti ilẹ̀kùn la fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yìí wá bá ọ̀gá, wọ́n ní ó ti sú àwọn obìnrin wọn láti máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú ẹkù, ṣé ó lè bá wọn ṣe ẹ̀rọ tí á máa fún epo. Ọ̀gá ní òun lè ṣe é. Ọ̀gá kì í sọ pé nǹkan kan kò ṣe é ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Àgbá onígi ni ẹ̀rọ náà, irin gígùn kan sì dúró láàrin rẹ̀. Táíwò alágbẹ̀dẹ, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló rọ irin náà, ó sì gé ìlà yí ara rẹ̀ ká bíi ti bóòtù tí a fi ń de irin. Bí a bá ti ń yí irin yìí ni ó ń wọlẹ̀, pátákó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ẹyìn gígún títí epo á fi ṣàn jáde. Apá onígi la fi ń yí i. Èèyàn á gbá apá náà mú níwájú àyà, á máa tì í lọ, á máa rìn yí ẹ̀rọ ká.

Apá méjì ni ọ̀gá yà sórí ìwé ní àkọ́kọ́. Èmi, Àkànní ọmọ yín, èmi ni mo ní kí a ṣe é ní mẹ́rin. Mo ní bí èèyàn mẹ́rin bá jọ tì í, epo á tètè jáde, kò sì ní rẹ ẹnikẹ́ni. A gbé e sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwa ọkùnrin mẹ́rin sì tì í. Ọ̀gá ní ó tó, gbogbo wa dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Epo ń ṣàn wọ inú garawa. Ọ̀gá gbá mi lẹ́yìn, ó ní orí mi pé. Inú mi dùn débi pé mo gbẹ́ ìràwọ̀ kékeré sí abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, irú ìràwọ̀ tí mo gbẹ́ sí abẹ́ àpótí ìdáná yín nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí ẹ bá mi wí pé mo ń fi ọ̀bẹ ba nǹkan jẹ́.

Mẹ́ta la kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀kan lọ sí Omífunfun, ọ̀kan lọ sí Àgọ́ Aláayè. Ẹ̀kẹta, alájàpá kan ló rà á, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú tó fi òwú so apá rẹ̀ kan. Ó ní apá Òṣogbo àti Ìlá ni òun ń gbé e lọ, pé òun á gbé e sí ẹkù kan, àwọn obìnrin á sì máa fún òun ní epo díẹ̀ níbẹ̀. Mo tilẹ̀ bá a dì í sórí ọkọ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ Ìlá ni mí, pé bó bá débẹ̀ kó bá mi kí ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní kí a ṣe ogún sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ láti Omífunfun pé pákó kan ti sán lára ti ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá ní kí n lọ tún un ṣe. Mo gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé ẹkù wọn, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ dá wọn dúró, ni mo bá jókòó sórí kùkùté kan, mo ń wo àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń tì í. Màmá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí àwọn tí a ṣe ẹ̀rọ náà fún níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Mo ti gé igi rẹ̀, mo ti fá a, mo ti fi iyanrìn ha á títí ó fi ń dán, n kò sì lọ wo obìnrin kan ṣoṣo rí.

Mẹ́ta nínú wọn ló pọn ọmọ. Ta ni kì í pọn ọmọ lọ sí ẹkù? Ẹ̀yin náà pọn èmi lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Mojísọ́lá, ọ̀já rẹ̀ tú díẹ̀. Ó ṣe ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe. Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọn ọmọ sókè, ó ń fa ọ̀já mọ́ra. Àwọn mẹ́ta yòókù kò mọ̀ pé ó dúró. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń tì í lọ. Apá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń bọ̀.

Ó gba òkè orí ọmọ náà kọjá. Fìlà òwú tó wà lórí ọmọ ló mú. Nígbà tí Ìyá Mojísọ́lá á fi nàró, fìlà ọmọ rẹ̀ ti há sí ẹnu apá ẹ̀rọ, ó ń bá a yí lọ. Àwọn obìnrin náà rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀rọ náà fẹ́ dé fìlà. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Bí ìyá yẹn bá gbọn ọmọ sókè díẹ̀ sí i ni, orí ọmọ ni igi yẹn ì bá bá, pẹ̀lú agbára obìnrin mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ìràwọ̀ mi sì wà lábẹ́ igi náà.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Mo bi Ìyá Mojísọ́lá pé ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀, pé ọ̀já kì í dúró síbi tí èèyàn so ó sí. Mo ní kí ló dé tí wọn kò gbé àwọn ọmọ kalẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní nínú epo gbígbóná tó wà nílẹ̀ yìí ni kí òun gbé ọmọ sí, àbí láàrin ìjàlọ. Mo wá bi í pé kí ló dé tí wọn kò wá sọ fún wa ní Ore. Ó ní ta ló bi àwọn. Mo fa apá méjì yọ kúrò lára ẹ̀rọ náà, mo so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́, mo gbé wọn padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù. Táíwò ní alágbẹ̀dẹ ni òun, òun kì í ṣe agbẹ̀bí, kí àwọn obìnrin máa ṣọ́ra wọn. Ọ̀gá ní ṣebí ojú mi ni ọkùnrin mẹ́rin ṣe tì í tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Mo ní ọkùnrin mẹ́rin yẹn kò pọn ọmọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti wá pọ̀ jù. Nígbà tí n kò dákẹ́, ọ̀gá bínú. Ó ní apá ogún ẹ̀rọ la ti gé tán, pé bí mo bá lọ ba òun lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, kí n kó irinṣẹ́ mi kí n máa lọ sí Ìlá. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Mo ronú owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín, mo ronú pé kí n tún padà wá máa ṣe àpótí adìẹ nílé, ni mo bá pa ẹnu mi dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fá apá ẹ̀rọ láìsọ̀rọ̀. Bí mo bá ti ń fá a, orí ọmọ yẹn ni mo ń rí, orí kékeré tí kò ní fìlà.

Ọjọ́ kẹrin ni lẹ́tà yín dé, èyí tí Tíṣà bá yín kọ. Ẹ ní kí n bá yín yọ̀. Ẹ ní Àbẹ̀kẹ́ ti jáde ìkókó, ó ti padà sí ẹkù, ó ń pọn Ayọ̀délé lọ, ọmọ náà sì jọ mí títí kan etí. Ẹ ní ọkùnrin kan ti gbé ẹ̀rọ tuntun wá sí ẹkù ẹ̀bá odò, pé ọwọ́ kì í ro Àbẹ̀kẹ́ mọ́, pé òyìnbó ti dé abúlé. Ẹ kò sọ iye apá tó ní. Mo ka lẹ́tà náà títí ìwé rẹ̀ fi rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ń wá ibi tí ẹ ti sọ iye apá. Ẹ kò sọ ọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kí ọ̀gá lé mi lọ sàn fún mi ju kí n dákẹ́. Mo padà lọ sí Omífunfun, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Mojísọ́lá pé kó bá mi dé Ore. Mo ra akèrègbè méjì lọ́jà, mo pọn omi kún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọ̀já ara rẹ̀ pọn akèrègbè kan mọ́ mi lẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ tó ń jẹun ní òdìkejì ọ̀nà fi oúnjẹ sílẹ̀ wá wò mí. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìkókó. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbọn ọmọ sókè, bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀já. Mo ní kí Táíwò àti àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá mi ti ọ̀kan tí a ti tò nínú ogún ẹ̀rọ náà, kí wọ́n máa kọrin, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má dúró.

A yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀, mo dá ọwọ́ lé ọ̀já. Màmá, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, n kò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, nítorí ìyá tó ń so ọ̀já kì í bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo rí ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Akèrègbè náà fọ́ yángá, omi ṣàn gba itan mi, igi náà sì wọlé sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, mo sì fi ojú balẹ̀.

Ẹ̀rín dá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò gbà. Ó ní mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró pẹ́ ni, pé èèyàn tó bá ṣọ́ra, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n gbé akèrègbè kejì wá, òun á ṣe é fúnra òun. Ẹ mọ̀ pé mo ti sọ fún yín pé ọ̀gá sanra. Ọ̀já kan kò yí i ká, wọ́n ní láti so méjì pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ń tì í, ó ń bojú wẹ̀yìn, ó ń tì í, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ara rẹ̀ wá balẹ̀. Ni akèrègbè bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó dúró. Òun fúnra rẹ̀ dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọn ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sókè, ó sì gbàgbé apá tó ń bọ̀.

Èyí náà fọ́. Igi kò dé ara rẹ̀ tó tèmi, omi ló bò ó. Ó di àfọ́kù akèrègbè kan mú. Ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún. Lẹ́yìn náà ó tú àwọn ọ̀já náà fúnra rẹ̀, ó ká wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó wọn fún Ìyá Mojísọ́lá, ó sì bi í pé báwo ni ó ṣe fẹ́ kí àwọn ṣe ẹ̀rọ náà. Obìnrin yẹn ní apá méjì ti tó, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí. Ó ní kí wọ́n bá àwọn kan pẹpẹ kékeré tó ní igi yíká, tí ọmọ lè jókòó sí níbi tí ojú ìyá rẹ̀ á ti máa tó o. Táíwò ń fi èédú yà á sára pákó bó ṣe ń sọ ọ́. Ó bi í ní ìbéèrè débi pé obìnrin náà ní kí ó jọ̀wọ́ òun, òun fẹ́ lọ dáná ilé òun.

A ti dín apá gbogbo ogún ẹ̀rọ náà kù sí méjì méjì. Ọ̀gá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù òun ló ṣe àṣìṣe, kò dárúkọ mi. Ní Àgọ́ Aláayè, nígbà tí a lọ gé apá ti ibẹ̀, àwọn obìnrin sọ fún wa pé ó ti gbá ẹnì kan léjìká rí, pé ohun tó mú kí wọ́n dákẹ́ ni pé wọ́n rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n tì. Ó ti di òfin ní ṣọ́ọ̀bù wa báyìí pé a kò ní gé igi fún ohunkóhun mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wa ti lọ jókòó sórí kùkùté lọ́dọ̀ àwọn tó máa lò ó, kó sì bi wọ́n léèrè. Táíwò ló tẹnu mọ́ ọn jù. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ẹ̀rọ kan ṣì wà níta.

Dísípẹ́ńsà tó wà ní Òdígbó ní egungun ìhà mi kan ti sán, kí n má ṣe wọ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ wá bẹ́ẹ̀, mo gòkè sínú ọkọ̀, ìrora náà sọ̀ mí kalẹ̀ kó tó jáde ní oríta. Táíwò ló ní òun á lọ. Ọjọ́ márùn-ún rèé tó ti lọ, òjò sì ti ba ọ̀nà Oǹdó jẹ́, àwọn tó ń tibẹ̀ bọ̀ ní ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ọkùnrin gíga ni, ó ní àpá iná ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó di ayùn sínú àpò. Bó bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á bí èmi. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni mo fi ìwé yìí gbà lọ sí Ìbàdàn, kó lè bá ìwé ìròyìn Sátidé. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Sátidé ni ìwé ìròyìn ń dé ọ̀dọ̀ yín, ẹkù kì í sì í sinmi ju ọjọ́ Àìkú lọ.

Nítorí náà, Màmá, ẹ lọ sí ẹkù, ẹ bá mi ka apá rẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ dúpẹ́, kí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bá ìràwọ̀ tó wà lábẹ́ àpótí yín níbẹ̀, èmi ni. Kí Bàbá Kékeré mú ayùn tí mo fi sílẹ̀ lókè àjà, kó gé méjì kúrò. Bí ẹni tó ni ín bá bínú, ẹ ní kó wá bá mi ní Ore. Èmi tí mo ṣe é ni mo ní kí ẹ gé e.

Àbẹ̀kẹ́, mo mọ̀ ọ́. Bí o bá ti ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́, o kì í gbọ́ ohun tó ń lọ lẹ́yìn rẹ. Má bínú pé mo ń ba ayọ̀ ẹ̀rọ tuntun jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ọwọ́ máa ro ọ́ díẹ̀ ná.

Owó oṣù yìí á pẹ́ díẹ̀ nítorí ẹ̀yìn mi. Màmá Hánà ní kí n sọ fún yín pé òun ń dárúkọ Àbẹ̀kẹ́ àti Ayọ̀délé nínú àdúrà láàárọ̀ lálẹ́. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó jẹ́ kí ohùn ẹ̀rín ni mo máa bá nílé, kó má jẹ́ kí ohun tí ọwọ́ mi ṣe di ẹkún nínú ilé ẹnikẹ́ni. Mo kí gbogbo ẹni tó jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àti gbogbo ìyá tó ń fún epo níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ka èyí.

Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ kò fo ibì kankan. Ẹ wo àárín èrò yẹn wò. Bí ẹ kò bá rí Àbẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ẹ má ka bọ́ọ̀lù, ẹ sáré lọ sí ẹkù. Ẹ bá mi kí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tó ní etí mi, tí n kò tíì rí. Kí ẹ tó kí i, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní